Ọtí Kò Lè Ru Ẹ̀bi Agbanisíṣẹ́

Àwáwí mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ máa ń gbọ́ nígbà tí ó bá gbé ẹjọ́ ìwọ̀sí dé iwájú àwọn tí ó gbà á sí iṣẹ́. Èkíní ni pé: "Ọtí ni ó pa á, má ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí." Èkejì ni pé: "Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ni ó bú ọ, fọ́máànì ni." Ẹ̀kẹta ni pé: "Ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbí, ti agbaṣẹ́ṣe ni ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o lọ." Àwọn àwáwí wọ̀nyí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbà pé òfin ni wọ́n. Òfin kọ́. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà wọ́n bí àwọn ọ̀gá ti ń sọ wọ́n, òfin Ìsìláàmù kò sì gbà wọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Oúnjẹ òòjọ́ wà nínú rẹ̀, ìlera wà nínú rẹ̀, ìgbàgbọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bú lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìrun rẹ̀, ohun méjì ni ó kù fún un láti yàn: kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ebi wọ ilé rẹ̀, tàbí kí ó máa bọ́ iyì rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní àràárọ̀ bí ẹni bọ́ bàtà. Ìlú tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sí ipò bẹ́ẹ̀ kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

ÀPÁPÁ ÀTI ÀJÉGÚNLẸ̀

Bí ibì kan bá wà tí ó yẹ kí a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, Àpápá àti Àjégúnlẹ̀ ni. Àpápá ni èbúté, ilé ìkẹ́rùsí, ilé iṣẹ́ ìlọ-fúláwà àti àwọn àgbá epo ńláńlá wà. Àjégúnlẹ̀ ni àwọn apá àti ẹsẹ̀ tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ń sùn. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí Àpápá. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni èrò ń wọ Àjégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùróbò, Haúsá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Láti Bọ́ndìrì dé Tolú, láti ojú ọ̀nà Málù dé Wílímà, kò sí ẹ̀yà tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀ láti 1996. Àpápá ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀.

Ní 2006 ni ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ìkẹ́rù inú èbúté lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí àjọ NPA tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ wá di onílẹ̀ àti alábòójútó. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tí ó wà láàárín òṣìṣẹ́ àti olówó iṣẹ́ ti gùn sí i. Ilé iṣẹ́ ńlá a gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe a gbé e fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn a ran fọ́máànì sí ẹnu ọ̀nà kí ó mú ogún ènìyàn wọlé ní àárọ̀. Nígbà tí owó bá ń wọlé, gbogbo wọn ni ó ni òṣìṣẹ́ náà. Nígbà tí ìwọ̀sí bá dé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí.

Onírúurú ni ẹ̀tanú tí ń ṣẹlẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. A lè sọ fún obìnrin pé kí ó ṣí hìjáàbù rẹ̀ tàbí kí ó máa lọ. A lè pe ọkùnrin tí ó tọrọ àyè ìrun Jímọ̀ ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń ka iye ìgbà tí ẹlòmíràn jáde lọ fa sìgá. A lè sọ ọmọ Ìjọ̀ di jàǹdùkú kí ó tó lanu, kí a sì sọ ọmọ Haúsá di ẹni tí ẹrù nìkan yẹ lórí rẹ̀. Fọ́máànì lè ní kí ọmọbìnrin kọ́kọ́ wá sí yàrá òun kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Lórí gbogbo rẹ̀, ẹ̀tanú kan wà tí gbogbo ọmọ Àjégúnlẹ̀ jọ ń jẹ ìyà rẹ̀: ẹ̀tanú àdírẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa kọ ilé ìbátan wọn ní Súrùlérè sínú ìwé ìwáṣẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí olówó iṣẹ́ bá ti rí Àjégúnlẹ̀, jàǹdùkú àti ọ̀mùtí ni yóò kà.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá 34 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀. Apá 38 fún un ní òmìnira ẹ̀sìn, láti gbà á gbọ́ àti láti ṣe é. Apá 42 sọ pé a kò gbọdọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ fún ìyà nítorí ẹ̀yà, ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀, tàbí nítorí bí a ti bí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dúró lórí òmìnira ẹ̀sìn yìí nígbà tí adájọ́ 5 nínú 7 dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí láre láti lo hìjáàbù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Ìdájọ́ náà kò sọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí òfin kọjú sí hàn.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ibi tí òfin ti kù díẹ̀ káàtó pẹ̀lú. Bí a bá ka apá 42 dáadáa, òfin tí ìjọba ṣe àti ìwà tí ìjọba hù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjú sí jù, èyí sì ni àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ aládàáni ń rọ̀ mọ́. Apá 17, tí ó sọ pé owó kan náà ni kí a san fún iṣẹ́ kan náà, wà nínú orí kejì ìwé òfin náà, èyí tí apá 6 kò jẹ́ kí a gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní tààrà. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì kò sì sí nínú ohun tí apá 42 kà sílẹ̀. Òfin wà fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV láti 2014. Òfin wà fún àwọn abarapá láti 2018, tí ó ní kí wọ́n jẹ́ ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo ẹ̀tanú ibi iṣẹ́ pọ̀, tí ó sì dárúkọ agbanisíṣẹ́ aládàáni láì fi igbá kan bọ̀kan nínú, kò tíì jáde láti Abuja.

Àtúnṣe ìwé òfin tí a fọwọ́ sí ní 2011 ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní National Industrial Court, di ilé ẹjọ́ gíga tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó fún un ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ ní ibi iṣẹ́, láti dá ìwà àìtọ́ sí òṣìṣẹ́ lẹ́kun, àti láti lo àwọn àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni àdéhùn 111 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO, tí ó jáde ní 1958, tí Nàìjíríà sì gbà ní 2002. Òmíràn ni àdéhùn 190 lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu ní ibi iṣẹ́, tí Nàìjíríà gbà ní 2022.

TA NI YÓÒ SAN?

Ní 2013, ilé ẹjọ́ yìí dá ẹjọ́ kan ní Èkó tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀. Obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka Microsoft ní Nàìjíríà sọ pé ọ̀gá kan ń fi ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ yọ òun lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí obìnrin, àti pé kíkọ̀ tí òun kọ̀ ni ó mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ilé ẹjọ́ gbà á gbọ́. Ó pe ìwà náà ní títẹ iyì rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ìyàsọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Kò sì fi ẹ̀bi náà mọ sí ọrùn ọ̀gá nìkan: ó ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú jẹ̀bi, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 13 náírà ó lé. Ọdún méjì ṣáájú, ní 2011, ilé ẹjọ́ kan náà ní Abuja ti dá obìnrin kan láre lórí àjọ aládàáni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oyún. Mílíọ̀nù 5 náírà ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń sọ pé apá 42 kò kan aládàáni, kí ó lọ ka àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí.

Ìdí tí òfin fi ń wo iwájú kọjá ẹni tí ó ṣẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó fún fọ́máànì ní àṣẹ ni ó fún un ní pàṣán. Láìsí iṣẹ́ náà, kò sí bí fọ́máànì yóò ṣe rí ọmọ ọlọ́mọ mú. Ẹni tí ó ń jẹ èrè agbára náà kò lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa ìpalára rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ bàtà kan gbìyànjú láti gba ọ̀nà ẹ̀yìn yọ nínú ọ̀ràn yìí. Ọmọkùnrin ọdún 16 kan, tí dúdú àti funfun jọ bí, ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bú, tí wọ́n fi irin gbígbóná jó lápá, tí wọ́n sì nà ní ẹgba. Ilé iṣẹ́ náà ní a kò rán wọn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò kan òun. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀. Ó ní bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí, bí ìwà ìkà bá ti burú tó ni agbanisíṣẹ́ yóò ti rọrùn tó láti bọ́. Ìdájọ́ náà, tí ó wọ ìwé ìròyìn òfin ní 1997, ni òfin wọn ti 2010 gbé ró: ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ni ó ṣe é, ìbáà mọ̀ tàbí kò mọ̀, àfi bí ó bá fi hàn pé òun ti sa gbogbo ipá tí ó bójú mu láti dènà rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí kò nílò láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ìwé Muwatta tí Imám Málíkì kó jọ, ìwé tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí ọ̀nà Málíkì ni wọ́n ń tọ̀, ìdájọ́ kan wà láti ọwọ́ Umar ọmọ Al-Khattab, arólé kejì fún Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Àwọn ẹrú ilé Hatib jí ràkúnmí ọkùnrin ará Muzayna kan, wọ́n sì pa á jẹ. Umar ti fẹ́ fi ìyà olè jẹ wọ́n kí ó tó ronú pé ó ní láti jẹ́ pé olúwa wọn ni ó ń fi ebi pa wọ́n. Ó yí ìdájọ́ padà sórí olúwa wọn. Irinwó dírhámù ni olóhun pe iye ràkúnmí náà. Ẹgbẹ̀rin ni Umar ní kí olúwa àwọn ẹrú san. Ó wo ọwọ́ tí ó jí ẹran, ó sì wo ilé tí ebi ti wá. Bí olúwa bá jẹ̀bi ohun tí àìbìkítà rẹ̀ mú kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe sí ará ìta, báwo ni kò ṣe ní jẹ̀bi ohun tí fọ́máànì rẹ̀ ń ṣe sí òṣìṣẹ́ lójú rẹ̀?

KÍ NI ÌMUTÍPARA LÓJÚ ÒFIN?

Ó wá ku àwáwí ọtí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ọtí ń pa kò lẹ́bi nítorí pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Apá 29 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916 sọ òdì kejì rẹ̀. Èkó ti ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n apá 29 yìí ni orísun tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ìmutípara kì í ṣe ohun tí a fi ń gba ara ẹni sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ọ̀nà tóóró méjì ni ó ṣí sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà: ẹni náà kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe, tàbí kí ó má mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe kò dára. Lẹ́yìn èyí, yálà kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó fi àrékérekè tàbí àìbìkítà fún un ní ohun náà mu láìjẹ́ pé òun gbà, tàbí kí ó jẹ́ pé ọtí ti sọ ọ́ di wèrè, ìbáà ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ògógóró, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e mu, tí ojú rẹ̀ wá pọ́n, kò sí nínú àwọn méjèèjì. Òfin náà fi ohun kan kún un: níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti gba pé kí ènìyàn ní ète kan pàtó lọ́kàn, adájọ́ lè wò ó bóyá ọtí ti mú kí ó má lè ní irú ète bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Kì í ṣe ìdáríjì.

Òfin náà tún sọ pé ìmutípara kò mọ sí ti ọtí nìkan. Ipò tí oògùn olóró bá sọ ènìyàn dà wà nínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́ Àjégúnlẹ̀, nítorí kì í ṣe inú ìgò ọtí nìkan ni ewu wà mọ́. Ìwádìí tí àjọ UNODC bá ìjọba ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ni ó lo oògùn tí ń yí ọpọlọ padà láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà. Oògùn ikọ́ tí ó ní codeine, tí ìjọba fi òfin dè ní 2018, àti tramadol tí ó ń gba èbúté Àpápá wọlé nínú kọ̀ntéínà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò bí ẹni mu omi. Ẹni tí ó sọ pé òun kò mutí, tí ó sì gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì, òfin kò ní kí á ya òun sọ́tọ̀.

Ìsìláàmù lọ síwájú ju òfin ìjọba lọ. Òfin ìjọba ń dúró dè ohun tí ọ̀mùtí yóò ṣe. Ìsìláàmù ti ilẹ̀kùn láti ẹnu ife àkọ́kọ́, nítorí làákàyè ni ohun tí Ọlọ́hun fi gbé ọmọ ènìyàn ga. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwáwí, àwọn méjèèjì pàdé. Nígbà tí Umar gba ìmọ̀ràn lórí ìjìyà ọ̀mùtí, Ali ọmọ Abu Talib wò ó pé ẹni tí ó bá mu yó yóò máa sọ ìsọkúsọ, ẹni tí ó bá sì ń sọ ìsọkúsọ yóò ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́. Nítorí náà ó ní kí a fún un ní ọgọ́rin pàṣán, bí a ti ń fún ẹni tí ó ba ọmọlúwàbí jẹ́. Kí òǹkàwé kíyè sí i: ẹnu tí ọtí tú sílẹ̀ ni Ali wò. Kò sọ pé nítorí ọtí ni kí a má ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ náà ni kí ìyà ọtí fi le.

NÍBI TÍ ỌTÍ ÀTI Ẹ̀TANÚ TI PÀDÉ

Bí a bá wá kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ìdáhùn yóò hàn gbangba. Ká ní fọ́máànì kan mu páràgà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó wọlé, ó já hìjáàbù obìnrin kan, ó sì lé àwọn tí ó ń kírun jáde. Bí ilé iṣẹ́ bá ní ọtí ni, ìbéèrè kan tó fún wọn: ǹjẹ́ ọtí náà pa á dé ibi tí yóò fi bú ọ̀gá àgbà rí? Bí kò bá bú ọ̀gá àgbà rí, tí ó jẹ́ pé àwọn tí kò lè dá a lóhùn nìkan ni ó ń bú, a jẹ́ pé ó mọ ẹni tí ó ń bú. Ọtí kọ́ ni ó kó ẹ̀tanú wá. Ọtí kàn ṣí ìdérí ìkòkò ni.

Bí ọtí kò bá sì lè gba ẹni tí ó mu ún sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe gba ẹni tí kò mu ún rárá, tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó mọ̀ pé fọ́máànì òun ń mutí wá sí iṣẹ́, tí ó sì fi í sílẹ̀ lórí ènìyàn? Yorùbá sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mímọ̀ tí ọ̀gá mọ̀ nípa ọtí náà kò dín ẹ̀bi rẹ̀ kù. Ó bù kún un. Ní Northampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan ń mutí pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn àríyá Kérésìmesì ní oṣù Kejìlá 2011. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, inú bí i, ó sì lu òṣìṣẹ́ kan débi pé ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́. Òru ni, ilé ìtura ni, ọtí sì ń bẹ nílẹ̀. Síbẹ̀ ní 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilé iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún un, nítorí pé ipò ọ̀gá ni ó fi ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ó gbé ọwọ́ sókè.

Idà ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì, ó sì yẹ kí a fi ojú kejì han àwọn agbanisíṣẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ọtí ń pa sún mọ́ kéréènì tàbí tírélà. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí ìmutípara, ojú pípọ́n kì í ṣe ẹ̀rí, àdírẹ́sì Àjégúnlẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí kankan. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, ojú rẹ̀ yóò pọ́n. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yẹ ènìyàn wò, kí ó yẹ gbogbo ènìyàn wò, láti ọ̀dọ̀ mánéjà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbálẹ̀. Àyẹ̀wò tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò kan tàbí ẹ̀yà kan nìkan ni a ń ṣe é fún, ẹ̀tanú ni, kódà bí a bá fi ẹ̀rọ ṣe é.

Nípa páràgà àti ọtí inú ọ̀rá tí ó yí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ká, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dè ọtí inú ọ̀rá ní oṣù Kejì 2024, ariwo olówó sì mú kí wọ́n sún un síwájú nínú ọdún náà. Agbanisíṣẹ́ kò nílò láti dúró de Abuja kí ó tó lé ọtí kúrò ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Àdéhùn 95 ti àjọ ILO, láti 1949, ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọtí líle san owó òṣìṣẹ́ lábẹ́ bó ti wù kí ó rí. Ẹni tí ó ń fi páálí ọtí dá àwọn lébìrà lọ́lá ní òpin ọdún, kí ó ronú sí i.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢẸLẸ̀

Àwọn olówó iṣẹ́ kéékèèké a máa béèrè pé báwo ni àwọn ṣe lè máa tẹ̀ lé fọ́máànì kiri. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọ̀gá mọ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ó kọ òfin ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́. Kí ọ̀nà ìfisùn wà tí kò gba ọwọ́ fọ́máànì kọjá. Kí ó wádìí ẹ̀sùn nígbà tí ó bá dé. Kí ó sì ṣe ohun tí ó yẹ láì wo ojú. Ẹni tí ó ṣe èyí ní ohun tí yóò sọ níwájú adájọ́. Ẹni tí kò ṣe é, tí ó wá ń sọ pé agbaṣẹ́ṣe ni, ń fi ìka kan bo ojú oòrùn ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Mùsùlùmí tí ó jẹ́ agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú. Alhájì tí ó ní ilé ìkẹ́rùsí, tí kò jẹ́ gba ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí sí iṣẹ́ rírọrùn kankan, ń hu ìwà tí ó ń bú nígbà tí a bá hù ú sí i. Ìdájọ́ òdodo tí Àlùkùránì pa láṣẹ kò yọ ẹni tí a kò fẹ́ràn sílẹ̀. Bákan náà ni òṣìṣẹ́ Mùsùlùmí tí ó sọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrun di wákàtí kan ń ba ẹ̀tọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀dọ́ tí a bá ṣẹ̀, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ìwé ni kò ní jẹ́ kí ilé iṣẹ́ sọ pé òun kò gbọ́. Kí ó tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ bí ó bá wà nínú ọ̀kan. Bí kò bá ní owó lọ́yà, ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú, Office of the Public Defender, àti ilé ìparí-ìjà, Citizens' Mediation Centre, tí àwọn méjèèjì kì í gba owó. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ sì wà fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré. Bí ìyọlẹ́nu bá jẹ́ ti ìbálòpọ̀, òfin ìwà ọ̀daràn Èkó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 3 nílẹ̀ fún un. Bí ìyà ibi iṣẹ́ bá sọ ọkàn ènìyàn di aláàárẹ̀, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ka irú àárẹ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí a lè tọrọ owó lé lórí.

Fún àwọn aṣòfin, ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kí wọ́n ṣe òfin tí yóò dárúkọ agbanisíṣẹ́ aládàáni àti agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ pọ̀, tí yóò sọ pé ẹni tí ó jẹ èrè iṣẹ́ ni yóò dáhùn fún ìwọ̀sí inú rẹ̀, tí yóò sì fi ibi tí ènìyàn ń gbé kún ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Láìsí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní agbára láti pe ẹjọ́ nìkan ni yóò máa rí ẹ̀tọ́ gbà, àwọn tí ó kù yóò sì máa gbọ́ àwáwí.

Olúkúlùkù ni darandaran, a ó sì bi í léèrè nípa agbo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀kọ́ Ànábì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni èyí. Ní ọjọ́ ìbéèrè náà, kò sí darandaran tí yóò sọ pé ajá òun ni ó bu àgùntàn jẹ, kí a sì jẹ́ kí ó máa lọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn tí a fi ènìyàn sí ìkáwọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Àmín.